Orísun Ẹ̀yìn Ilé Àrìbísálà

Agbọ́lẹ̀, ẹ̀rọ Ìjọba, ti gun Òkè Ẹtu dé ìdajì kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó gùn bí ẹsẹ̀ lékeléke, ó sì ń gbé wọn jẹ́jẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń rìn nínú yàrá tí ọmọ ọwọ́ sùn sí.

"Ẹ sọ ọkọ́ sílẹ̀!" Ìyá Wúràọlá ké. "Gbogbo yín pátá, ẹ sọ ọkọ́ sílẹ̀!"

Ọkọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn gbì, gbì, gbì. Bí ẹ̀rọ yìí bá ti ń gbọ́ ilẹ̀, ènìyàn kò gbọdọ̀ gbẹ́ ohunkóhun, kò gbọdọ̀ bu omi rin ohunkóhun. Ìbíyẹmí wà lórí ìkúnlẹ̀ níbi tó ti ń fi ewé gbígbẹ bo ìdí ìrókò kékeré kan. Ó dúró bẹ́ẹ̀. Eruku wà ní ètè rẹ̀, kò nù ún.

"Wọ́n mà ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀," ó sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ìgbà wo ni Ìjọba dájọ́ tó pé?" Ìyá Wúràọlá dá a lóhùn.

Ìyá Wúràọlá ni olórí wọn. Tíṣà ló jẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì, òun ló sì dá Ẹgbẹ́ Atúnlẹ̀ṣe sílẹ̀ nígbà tí òkè yìí ṣì pọ́n bí apá ẹni tí iná jó, tí àwọn ará Òdò-Ẹtu ń rẹ́rìn-ín pé obìnrin kan àti àwọn aláìníṣẹ́ mélòó kan ń gbin igi sórí àpáta. Wọn kì í gba kọ́bọ̀. Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń wá, wọn a ru omi gun òkè, wọn a to òkúta dí ojú ọ̀gbàrá, wọn a padà sílé pẹ̀lú ẹ̀yìn dídùn.

Agbọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Abẹ́rẹ́ gígùn kan yọ lábẹ́ ikùn rẹ̀, ó wọ inú ilẹ̀ ṣinrin. Iná orí rẹ̀ pọ́n. Ó pọ́n, ó pọ́n, títí ẹnìkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lẹ́yìn Ìbíyẹmí. Lẹ́yìn náà ni iná ṣẹ́jú, ó wá di àwọ̀ ewé.

"Ilẹ̀: alààyè," ni ohùn kan wí láti inú ẹ̀rọ náà.

Ariwo sọ. Àwọn ọkùnrin gbé ara wọn sókè, àwọn obìnrin ń fi aṣọ nu ojú. Ìyá Wúràọlá nìkan ni kò pariwo. Ó jókòó sílẹ̀ níbi tó wà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lélẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ara ọmọ ti tutù lẹ́yìn ibà.

Ìbíyẹmí wo pẹ̀tẹ́lẹ̀ nísàlẹ̀. Láti ẹsẹ̀ òkè títí dé ibi tí ojú lè rí i mọ, ìbora oòrùn ló bò ó, díńgí lórí díńgí, ó ń kọ mànà. Ilẹ̀ òkú ni gbogbo ìyẹn, ó ti di ti ilé-iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́ oòjọ́, tó ń nu eruku kúrò lójú díńgí láàárọ̀ títí dọ̀sán. Ọdún tí eruku pẹ̀tẹ́lẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á mọ́ inú ìbòmú rẹ̀ ló gun òkè yìí wá, tó ní kí wọ́n fún òun lọ́kọ́. Láti ìgbà náà, kò mọ bí wọ́n ṣe ń jókòó jẹ́jẹ́ ní ọjọ́ ìsinmi mọ́.

Ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé ẹ̀rọ náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé lorúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ Ìjọba ni, ó ṣí agbòòrùn sórí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kú oríire," ó ní. "Kí ìlà tí ẹ̀rọ yìí ń fi òpó là yí òkè ká tó pa, ẹ bá wa kó ọkọ́ àti garawa yín jáde. Ẹ má fi ohunkóhun sílẹ̀."

Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yà lẹ́nu. Ilẹ̀ tó bá ti jí, ènìyàn kò tún gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́. Ènìyàn ló pa á lákọ̀ọ́kọ́, òfin kò sì fẹ́ kó padà wá parí iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Àwọn da omi, wọ́n sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ àwọn kò ní kan ibẹ̀. Ìbíyẹmí ti gba ìyẹn tipẹ́. Ohun tí kò gbà ni ohun tí ojú rẹ̀ ń rí báyìí. Agbọ́lẹ̀ kò yà létí odò gẹ́gẹ́ bí gbogbo wọn ti rò. Ó rékọjá odò, ó ri òpó kan mọ́lẹ̀, ó kọjú sí apá òsì òkè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló ń lọ?"

"Ibi tí ilẹ̀ bá ti ń mí ló ń tẹ̀ lé."

"Ilé wà níbẹ̀. Ilé bàbá mi ni."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé gbé agbòòrùn rẹ̀ sókè díẹ̀, ó wo ọ̀kánkán. Òrùlé páànù kan yọ láàárín igi àgbálùmọ̀. "Ènìyàn ṣì ń gbé ibẹ̀?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, sà."

"Oòrùn ló ń jẹ," ó ní, ó fi orí tọ́ka sí ẹ̀rọ náà. "Tí oòrùn bá wọ̀, ó sùn nìyẹn. Kò ní lè débẹ̀ lónìí, ó di àárọ̀ ọ̀la. Tí ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé yẹn bá dáhùn, ilé ti wọ inú ìlà. Tí kò bá dáhùn, á yà." Ó ju èjìká. "Èmi kọ́ ni mò ń pinnu, àǹtí mi."

Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé òjò lè rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà há sí Ìbíyẹmí lọ́kàn bí eegun ẹja ṣe ń há lọ́nà ọ̀fun. Tí kò bá dáhùn, á yà.

Kò dúró de àwọn yòókù. Ó ń sáré, ó ń rìn, títí ó fi dé àgbàlá.

Bàbá Àrìbísálà jókòó lórí àpótí, ó ń bó kókò sínú abọ́. Ó ti dàgbà, eékún rẹ̀ kò gbà fún un mọ́, síbẹ̀ ojoojúmọ́ ló ń lọ sí orísun ẹ̀yìn ilé lọ pọn omi rẹ̀. Orísun náà kéré, ọmọdé lè fò ó kọjá, àmọ́ òun ló ń ṣàn sísàlẹ̀ di odò tó ń fún gbogbo òkè lómi. Ìgbà tí ohun gbogbo gbẹ ní Òdò-Ẹtu, òun kò gbẹ.

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá."

"Kú ìrọ̀lẹ́, Ìbíyẹmí. Ẹ̀rọ yín ti dé." Kò gbójú sókè. "Mo rí i láti ibí. Ó rìn bí ẹni tó jẹ igbèsè."

Kò lè rẹ́rìn-ín. Ó sọ fún un. Ọ̀bẹ bàbá kò dúró. Ó ṣá ń bó kókò lọ, títí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi kéré ju bó ti yẹ.

"Ilé gogoro ni wọ́n á kó mi lọ," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Àjà wo ni wọ́n kó Olúgbódi sí?"

Àwọn méjèèjì mọ ìtàn Bàbá Olúgbódi, ẹni tí Bàbá bá ṣe èwe. Nígbà tí igbó ẹ̀yìn oko rẹ̀ jí, wọ́n gbé e lọ sí òkè ilé gogoro létí odò ńlá. Ó padà wá ní ọjọ́ kan láti wá wo ilé rẹ̀. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wọ inú ìlà, ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké, kò dákẹ́ títí wọ́n fi wá gbé e. Gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀gbà yìí lọ́rùn ọwọ́ láti ọjọ́ ìkómọjáde. Òun ni ẹ̀rọ omi fi ń mọni, òun ni ọkọ̀ fi ń gbéni, òun ni dókítà ń wò kó tó wo ojú. Bàbá Olúgbódi kò tún gbìyànjú mọ́. Ó jókòó sójú fèrèsé rẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ó ti sùn.

"Ìyá rẹ ńkọ́?" Bàbá fi ọ̀bẹ tọ́ka sí ìdí igi àgbálùmọ̀ níbi tí sàréè ìyàwó rẹ̀ wà. "Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n máa wá wò ó?"

"Wọn ò ní jẹ́."

"Ó dáa." Ó mú kókò mìíràn. "Lọ sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọ̀nà yẹn kò dáa."

Ìbíyẹmí gba ilé Ìyá Wúràọlá lọ nísàlẹ̀ òkè. Ó rò pé obìnrin náà á ní ọgbọ́n kan. Ó bá a lójúde, tó ń fọ garawa ẹgbẹ́.

"Èmi náà ti rò ó lọ, mo rò ó bọ̀," Ìyá Wúràọlá ní. "Àbúrò mi, kí ni mo fẹ́ sọ? Ká ní kí ẹ̀rọ yà ni? Orísun yẹn ni ìyá gbogbo ohun tí a gbìn. Tó bá bọ́ síta ìlà, ilé-iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ á fi páìpù fà á lọ fọ díńgí. Ìwọ tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ mọ̀ ju mí lọ."

"Bàbá mi á kú síbẹ̀, mà."

Ìyá Wúràọlá gbé garawa sílẹ̀. Nígbà tí Ìbíyẹmí yí padà, ó gbọ́ tó ń pè é, kò wẹ̀yìn.

Kẹ́ẹ̀gì omi ìfọdíńgí wà nídìí ilẹ̀kùn rẹ̀ nílé. Wọ́n máa ń fún àwọn òṣìṣẹ́ gbé lọ sílé kí wọ́n lè tètè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárọ̀. Ibi tí omi yìí bá kán sí, koríko kì í hù níbẹ̀ mọ́; ó ti rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ lábẹ́ ìbora, ilẹ̀ funfun tí kòkòrò kì í rìn lórí rẹ̀. Ó gbé e lọ sínú yàrá kó má baà máa rí i. Ó tún lọ gbé e padà sídìí ilẹ̀kùn. Ó jẹun, kò mọ ohun tó jẹ. Ó ní òun á lọ sùn, ó bá ara rẹ̀ tó ń gbálẹ̀.

Bí ojú ọjọ́ ṣe ń là báyìí, ó ti wà lójú ọ̀nà òkè. Kẹ́ẹ̀gì ń gbá a lẹ́sẹ̀, apá ń ro ó. Ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé díẹ̀ ni òun á dà, pé etí orísun nìkan ni, kò ní kan omi. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ojú òkè ni orísun wà, ohun tó bá sì dà sójú òkè, ìsàlẹ̀ ló ń lọ.

Ó bá bàbá rẹ̀ níbẹ̀. Ó dúró sínú omi tó mù ún dé kókósẹ̀, ó ti ká ṣòkòtò sókè, ó fi àdá rẹ̀ ti òkúta.

"Kí lo gbé lọ́wọ́?"

Ìbíyẹmí gbàgbé láti kúnlẹ̀. "Bàbá, kò sí."

"Òórùn rẹ̀ ti dé ibí kí o tó dé." Ó na ọwọ́. "Gbé e wá."

"Mo fẹ́..."

"Mo mọ ohun tí o fẹ́. Gbé e wá, kí n bá ọ dà á. Kò yẹ kó jẹ́ ìwọ, tí o gbin gbogbo ìyẹn." Ó fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìsàlẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. "N kò lè gbé ojú fèrèsé, Ìbíyẹmí. N kò lè gbé e. Kí òkè kú, kí n jókòó ti ìyá rẹ."

Òun ló gbé kẹ́ẹ̀gì gun òkè. Òun ló yẹ kó gbé e fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí bàbá rẹ̀ di etí kẹ́ẹ̀gì mú, ọwọ́ Ìbíyẹmí kò tú. Bàbá fà á, òun náà fà á. Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ nínú omi, bàbá àti ọmọ, wọ́n ń fa ike kan mọ́ ara wọn lọ́wọ́ bí ọmọdé. Akàn kékeré kan sá kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ bàbá, ó wọ abẹ́ òkúta.

"Tú u sílẹ̀!"

"Bàbá, n ò lè tú u."

"Ìwọ náà lo gbé e wá!"

"Èmi ni mo gbé e wá. Ẹ má bínú. N ò lè tú u."

Bàbá wò ó pẹ́. Ó wá tú ọwọ́ tirẹ̀. Ìbíyẹmí gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sórí àpáta tó jìnnà sómi, ó dúró lé e lórí bí ẹni pé ó lè dìde fúnra rẹ̀. Ó ń sunkún, kò sì mọ̀ pé òun ń sunkún.

Oòrùn yọ. Láti ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti gbọ́ ìró ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà, kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ lórí òkúta.

"Ilẹ̀ ni ẹ̀rọ yẹn ń gbọ́," Bàbá Àrìbísálà sọ lójijì. "Báwo ló ṣe ń mọ ènìyàn?"

"Ẹ̀gbà ló ń kà."

"Kì í wo ojú?"

"Kò ní ojú, Bàbá."

Bàbá mú àdá. Kí Ìbíyẹmí tó lóye, ó ti ki imú àdá bọ abẹ́ ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ dúró! Omi ẹ̀rọ kò ní dá yín lóhùn mọ́!"

"Omi wo? Inú kí ni mo dúró sí yìí?"

"Dókítà kò ní wò yín. Tí ẹ bá ṣàìsàn, wọn ò ní gbé yín. Tí ẹ bá gé e, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé ẹ wà láyé!"

"Ṣé ìwọ mọ̀?"

Omijé kò jẹ́ kó rí i dáadáa. "Mo mọ̀."

"Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀gbà náà já. Ó ké ẹ̀ẹ̀kan, ó dákẹ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ yọ lọ́rùn ọwọ́ bàbá, ó fi omi orísun fọ̀ ọ́ nù.

Agbọ́lẹ̀ yọ láàárín igi, Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé lẹ́yìn rẹ̀; ẹ̀rọ náà kì í ka òṣìṣẹ́ tó ń tẹ̀ lé e. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ létí omi, kò jìnnà sí bàbá ju ibi tí apá lè nà dé. Abẹ́rẹ́ wọlẹ̀. Iná kò tilẹ̀ pọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ló mú àwọ̀ ewé.

"Ilẹ̀: alààyè. Ènìyàn: ẹyọ kan. Kí ènìyàn náà jáde."

Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé wo Ìbíyẹmí. Ó wo kẹ́ẹ̀gì lórí àpáta. Ó wo ẹ̀gbà gígé tó ń dán lórí òkúta, àti arúgbó tó dúró nínú omi, tó di àdá mú. Ojú rẹ̀ kúrò lára arúgbó náà kíá, ó wo òkè. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni. Ó tẹ orí ba, ó kọjú sí igi àgbálùmọ̀ tí kò sí ẹnì kankan nídìí rẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o, sà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi," Bàbá Àrìbísálà wí.

"Ẹ̀rọ ló ń kà, kì í ṣe èmi," Ọ̀gbẹ́ni Ṣówándé sọ fún Ìbíyẹmí. "Ẹ máa bọ̀, àǹtí. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì yín dání."

Ìbíyẹmí kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ tútù lé e lórí, kò súre bí òbí ṣe máa ń ṣe. "Ọ̀nà yẹn kò dáa, rọra" ni gbogbo ohun tó sọ. Ìbíyẹmí bá gbé kẹ́ẹ̀gì, ó ń sọ̀kalẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ó gbọ́ ohùn ẹ̀rọ náà láàárín igi, tó ń sọ ọ́ ketekete fún Ìjọba: "Ènìyàn: kò sí."

Ìlà pa kí oṣù náà tó parí. Abala ilẹ̀ òkú kan wà lẹ́sẹ̀ òkè, tó bá ìlà náà pààlà, tí ilé-iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀ kò tíì bò. Ibẹ̀ ni Ìyá Wúràọlá kó àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lọ. Àwọn kan ní ó ti rẹ àwọn, wọ́n ní kí ni wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Ìbíyẹmí kò sọ pé òun á wá, kò sọ pé òun kò ní wá. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n kàn bá a níbẹ̀ kí wọ́n tó dé, ó ń gbẹ́ kòtò tí yóò gba omi òjò dúró.

Ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Bí èéfín iná bàbá rẹ̀ kò bá yọ lókè láàárọ̀, iṣẹ́ kì í lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ mọ́jú, a máa ronú eékún bàbá rẹ̀. Ó ń bá Ìyá Wúràọlá jà lórí nǹkan kékeré, ó tún ń lọ bẹ̀ ẹ́. Àwọn ìgbà mìíràn, ọ̀sẹ̀ a kọjá láìrí nǹkan kan láàárín igi, kò sì sí ẹni tí òun lè bi nípa bàbá rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, ó ń gbẹ́lẹ̀ ní ẹ̀bá òpó ìlà nígbà tí ó gbọ́ tí ewé ń mì. Ó gbójú sókè. Bàbá Àrìbísálà dúró ní òdìkejì, ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti kún, àgbálùmọ̀ mẹ́ta wà nínú fìlà tó gbé lọ́wọ́. Ó jù wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ìlà. Ìbíyẹmí mú méjì, ọ̀kan bọ́ sínú ẹrẹ̀.

"Ṣé ara yín le, Bàbá?"

Kòtò tí Ìbíyẹmí ń gbẹ́ ni Bàbá ń wò, bí àgbẹ̀ ṣe ń wo iṣẹ́ àgbẹ̀.

"Èyí kò jìn tó," ó ní. "Omi á fò ó kọjá. Apá ibí yìí, níbi tí ó ti dagun. Gbẹ́ ẹ sí i."

Ìbíyẹmí nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́, ó gbé ọkọ́ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ sí i, nígbà tí bàbá rẹ̀ dúró tì í ní òdìkejì ìlà, tó ń sọ ibi tí yóò kọjú ọkọ́ sí.